Gìtá tí kò lórí: ǹjẹ́ ohùn rẹ̀ lè bá jùjú mu?

Onígìtá Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ orin. Gìtá tẹ́nọ̀ ni mo ń ta nínú ẹgbẹ́ jùjú kan ní Ìkòròdú níbí. Ọ̀sà kò jìnnà sí wa, nígbà tí òjò bá sì wọlé dé, ọrùn gìtá onígi tí mo ń lò a máa tẹ̀, ohùn àwọn okùn rẹ̀ a sì yẹ̀ kí agbo tó gbóná. Mo ti wá rí irúfẹ́ gìtá kan tí kò ní orí rárá, tí ara rẹ̀ kò ju síléètì ọmọ iléèwé lọ, tí ó jẹ́ pé ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti ń yí okùn. Ọ̀gá wa ní gìtá tí wọ́n bá ti gé lórí, ohùn rẹ̀ kò lè rinlẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́?

Àgbà Onígìtá, Ẹ̀pẹ́:
Àbúrò, kí ọ̀gá yín má bínú, orí kọ́ ni gìtá oníná fi ń sọ̀rọ̀. Pickup ni, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wé wáyà bàbà tín-ín-rín yí ká. Bí okùn irin bá ti ń gbọ̀n níwájú rẹ̀, iná kékeré a jáde níbẹ̀, ampilifáyà a sì sọ ọ́ di ńlá.

Ned Steinberger, ará Amẹ́ríkà tí ó ti ń ṣe àga àti tábìlì kí ó tó yà sídìí gìtá, ni ó sọ irú èyí di ohun tí ayé mọ̀, nígbà tí ó gbé béèsì L2 jáde ní nǹkan bí ọdún 1980. Fọ́nrán carbon tí wọ́n fi epoxy, ìyẹn àtè tí ó máa ń le gan-an, lẹ̀ pọ̀ ni ó fi ṣe é. Igi a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, a sì wú. Carbon kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n líle ọrùn yẹn ni ó wù mí jù. Ọrùn onígi a máa bá okùn gbọ̀n, bí ìgbọ̀n àwọn méjèèjì bá sì ṣe déédéé, ọrùn a jí agbára okùn lọ, ohùn ibẹ̀ a sì kú lójijì. Ẹni tí ó bá ti ta béèsì pẹ́ mọ ojú ibẹ̀ dáadáa: okùn tó tín-ín-rín jù ni, ní àgbègbè ìkarùn-ún sí ìkeje nínú àwọn ìlà irin tí ó dábùú ọrùn gìtá. Lórí ọrùn carbon, gbogbo ojú okùn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dún dọ́gba. Àwọn kan ní ohùn bẹ́ẹ̀ gbẹ jù, ṣùgbọ́n nínú jùjú, níbi tí tẹ́nọ̀ ti ń tún gbólóhùn kúkúrú kan ta léraléra tí àwọn gìtá yòókù sì ń gbà á lẹ́nu rẹ̀, àǹfààní ni mo kà á sí, nítorí pé ohùn tí ó bá kú láàárín, gángan yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ti ìrísí, rán ọ̀gá yín létí pedal steel, irúfẹ́ gìtá tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ ta, tí King Sunny Adé mú wọ inú jùjú, tí Demola Adepoju ta fún un. Orí ẹsẹ̀ irin ni ó dúró sí, kò sì jọ gìtá rárá.

Ẹlẹ́béèsì Àgbádárìgì:
Òótọ́ ni bàbá sọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú èyí tí kò wọ́n lórí àtẹ lónìí, igi ni ọrùn wọn, orí nìkan ni wọ́n gé kúrò, ọrùn bẹ́ẹ̀ yóò sì tẹ̀ létí ọ̀sà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ tún wo okùn rẹ̀: Steinberger àtijọ́ ń fẹ́ okùn tí ó ní kókó ní ìpẹ̀kun méjèèjì, èyí tí ó ṣòro rí lọ́jà wa. Èyí tí ó ní síkúrù tí ń há okùn lásán mọ́lẹ̀ lókè ọrùn ni kí ẹ rà.

Onígìtá Ìkòròdú:
Ẹ ṣeun gan-an. Bí ẹni tí ń tà á kò bá mọ ohun tí wọ́n fi ṣe ọrùn rẹ̀ ńkọ́?

Àgbà Onígìtá, Ẹ̀pẹ́:
Ní kí ó tú síkúrù tí ó so ọrùn mọ́ ara, kí o wo ìdí ọrùn náà, nítorí pé ọ̀dà kì í sábà pọ̀ níbẹ̀. Bí igi bá ni, yóò hàn. Lẹ́yìn tí ó bá ti dè é padà, ta á láìso ó mọ́ ampilifáyà, kí o tẹ okùn kọ̀ọ̀kan láti ìlà kìíní dé ìkejìlá, kí o sì gbọ́ èyí tí ohùn rẹ̀ bá kú ṣáájú àwọn yòókù.