Ìpele mélòó ni ẹgbẹ́ tí àgbà pọ̀ nínú rẹ̀ lè gùn ní Olúmirìn?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Àwa méjìdínlógún tí a jọ ka ìwé girama ń gbèrò láti lọ wo omi Olúmirìn, omi tí ń já bọ́ láti orí àpáta ní ìpele méje ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kí a lọ láàárọ̀ kí a sì padà sí Ifẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Púpọ̀ nínú wa ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọ̀kan tilẹ̀ ń fi ọ̀pá rìn, síbẹ̀ akápò wa ti búra pé òun kò ní sọ̀ kalẹ̀ láìdé ìpele keje. Níbo ni ó yẹ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró, oṣù wo ni ó sì dára jù? Ohun tí ó ń kọ mí lóminú jù ni bí a ó ṣe tò lójú ọ̀nà, nítorí ní ìrìn wa tí ó kọjá, ẹni méjì ni a fi sẹ́yìn tí a kò sì mọ̀ títí a fi jókòó jẹun.

Bàbá Ìsọ̀kùn, Iléṣà

Ìpele kìíní kò nira. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, ẹni tí ń fi ọ̀pá rìn sì lè dé ibẹ̀ bí ó bá rọra. Bí ẹ bá ti kọjá ìpele kejì, gbòǹgbò igi àti òkúta ni ẹ ó máa dì mú, mo sì rò pé ìpele kejì náà ni kí ẹ fi mọ. Ìtàn ìlú náà sọ pé Akínlà, ọmọbìnrin kan láti ìran Odùduwà, ni ó kọ́kọ́ rí omi yìí, nítorí náà ẹ kì í ṣe ará Ifẹ̀ àkọ́kọ́ tí yóò fi àárẹ̀ dé ibẹ̀.

Ní ti títò, ẹ fi ẹni tí ó lọ́ra jù ṣáájú. Bí ẹni tí ó yára bá ń ṣáájú, yóò dé ibi ìsinmi, yóò jókòó, yóò mumi. Bí ẹni tí ó lọ́ra bá wá dé, nígbà náà ni òun yóò dìde pé kí a máa lọ, ẹni tí ó nílò ìsinmi jù kò sì ní sinmi rárá. Kí ẹni kan tí ara rẹ̀ le wà ní ìkẹyìn pátápátá, kí ó má ṣe kọjá ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì máa ka iye yín ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì Afẹ̀yìntì, Iléṣà

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá, àmọ́ sísọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù ju gígùn lọ. Ẹni tí ó ń gùn yóò mí hẹlẹhẹlẹ, yóò sì dúró fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sọ̀ kò ní mí bẹ́ẹ̀, orúnkún rẹ̀ ni ó ń gba gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ yí padà nígbà tí agbára ṣì kù. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà, nítorí òkúta tí omi ń ta sí máa ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Kí ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru má ṣe fo ti àárọ̀ ọjọ́ náà nítorí pé ó ń sá fún ìtọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ti rí irú rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀rìn

Ẹ wá ní oṣù kọkànlá. Òjò ti ń dáwọ́ dúró nígbà náà, omi ṣì pọ̀, ọ̀nà sì ti ń gbẹ. Bí ẹ bá dúró di oṣù kejì ọdún, omi yóò ti fà. Ẹ má ṣe wá ní ọjọ́ ọdún, èrò máa ń pọ̀ jù. Ohun kan wà tí àlejò kì í mọ̀: òjò lè máa rọ̀ lórí òkè nígbà tí oòrùn ń ràn níbi tí ẹ wà. Bí ẹ bá rí i pé omi ṣàdédé pọ́n tàbí pé ó ń gbé ewé àti igi wá, ẹ jáde kúrò nínú rẹ̀ kíákíá, ẹ má ṣe dúró kó ẹrù.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. A ti mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ nínú oṣù kọkànlá, a ó sì fi ìpele kejì mọ. Ẹni tí ó ń fi ọ̀pá rìn ni yóò ṣáájú wa dé ìpele kìíní, níbi tí òun àti àwọn méjì mìíràn yóò ti máa dúró dè wá pẹ̀lú oúnjẹ. Akápò wa ni mo fi sí ìkẹyìn. Ó bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbà.