"Eyín àgbìn" àbí "eyín àrì"? Kòkòrò kan ò jẹ irin

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Orúkọ Yorùbá là ń wá fún eyín àgbìn, irin titanium tí dókítà ń fi sínú egungun ẹnu dípò eyín tó ti yọ, àti fún àrùn tó ń mú ìdí rẹ̀. Ẹni tó pe àrùn náà ní "kòkòrò eyín irin" lánàá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé e kúrò nílẹ̀. Kòkòrò eyín táwọn àgbà ń sọ, eyín gan-an ló ń jẹ, ihò ló ń dá sí i. Ta ló rí ibi tí kòkòrò ti jẹ titanium? Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á ní "irin ni tèmi", á sì gbàgbé búrọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀, ìdí irin ni ogun wà. Bakitéríà á ṣù mọ́ ọn lára bí ewédò tó bo òkúta odò; ẹran ìdí rẹ̀ á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀; bó bá pẹ́, egungun tó dì í mú lè máa yọ́. Eyín àbínibí ní okùn tín-ín-tín tó wọnú ara rẹ̀, tó so ó mọ́ egungun. Irin ò ní in. Bó bá jẹ́ ìwú nìkan, fífọ̀ dáadáa ṣì lè wò ó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá tí dókítà fi ń wọn ìdí eyín bá wọlẹ̀ tó mìlímítà 6, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń ṣọyún, tí X-ray sì fi hàn pé egungun ti lọ sílẹ̀ ní mìlímítà 3, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìwú. Àrùn méjì, orúkọ méjì.

*

Ẹ̀gbọ́n, ti kòkòrò, ẹ jàre. "Àgbin" yẹn ni mi ò gbà. Ohun tí a bá gbìn ń hù. Ewé wo ló yọ lórí irin? À ń rì í ni, bí a ti ń ri òpó. Eyín àrì! Èmi ni mo sì pe àlàfo àárín irin inú egungun àti ọ̀pá orí rẹ̀ tó gbé eyín àtọwọ́dá dúró ní "eéjí". Ó dùn létí.

*

Àbúrò, ilẹ̀ kì í hù mọ́ òpó. Egungun ehoro ló hù mọ́ titanium lọ́wọ́ onímọ̀ ìṣègùn Brånemark ní Sweden láàárín ọdún 1950 sí 1959, tí kò ṣeé yọ mọ́, kó tó fi sẹ́nu èèyàn ní 1965. Egungun ló ń hù, ẹ jẹ́ ká gbìn ín. Àti pé "àgbìn" ni, kì í ṣe "àgbin". Òótọ́ ni pé à ń gbin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ wo ló wà lẹ́yìn "àgbìn" tí ohùn ìsàlẹ̀ fi máa sá lọ? Eyín àgbin, ṣé èyí tí kò gbin pínkín ni?

Eéjí kẹ̀! Eéjí ẹwà ni. Àlàfo yìí, bí wọ́n tilẹ̀ bára mu dáadáa, ó lè tó 0.01 mìlímítà, bakitéríà sì lè má ju 0.001 lọ ní ìbú. Bí èèyàn ṣe ń jẹun ló ń ṣí tó ń pa dé, tó ń fa itọ́ wọlé, tó ń tú u jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi kọ́kọ́rọ́ tó ń ka agbára de ìdè rẹ̀, ìyẹn ìṣó oníyíyí tó so irin àti ọ̀pá pọ̀, 30 sí 35 Ncm (ìwọ̀n agbára ìyípo) lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n á dúró bí ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n tó tún un dè, torí ìdè a máa dẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó sì ń fi símẹ́ńtì lẹ adé eyín, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tí a ń rí lẹ́nu, mọ́ ọn, bí èyí tó ṣẹ́ kù bá há sábẹ́ ẹran, ilé ni wọ́n kọ́ fún bakitéríà yẹn. "Ojú ìpàdé" ni kẹ́ ẹ pè é.

*

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Bí kòkòrò ò bá wá jẹ irin, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ìwé ìlera fi ń pe bakitéríà ní "kòkòrò àìfojúrí"? "Lè" dà níbẹ̀, ṣé kì í ṣe "àìlèfojúrí" ló yẹ kó jẹ́?