Kùrukùru funfun yẹn kọ́ ni gáàsì: ọ̀rọ̀ lórí jíjò háídrójìn olómi nílé epo

Aṣọ́gáàsì
Ẹ̀yin ará, funfun tó máa ń bò gbogbo ibi tí háídrójìn olómi (gáàsì háídrójìn tí òtútù ńlá ti sọ di olómi) bá ti ń jò ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Háídrójìn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Omi inú afẹ́fẹ́ ni òtútù rẹ̀ sọ di kùrukùru. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, gáàsì tó lè gbiná á ti kọjá ibi tí funfun náà parí sí, torí náà ẹ má fi ojú wọn ibi tí ẹ máa dúró sí. Òórùn tí wọ́n ń pò mọ́ gáàsì ìdáná kò ṣeé lò níbí: á dì gbagidi ní -253°C tí olómi náà wà. Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ gáàsì ló kù. Ẹ jẹ́ kó ti ké ní 1%, nítorí láti 4% títí dé 75% nínú afẹ́fẹ́ ni háídrójìn ti lè gbiná, ìtapàrà 0.02 mílíjúùlù péré sì ti tó o. Ìdí nìyẹn tí a fi ń so wáyà tó wọ ilẹ̀ mọ́ ọkọ̀ agbégáàsì kí a tó fọwọ́ kan hóòsì.

Wọ́n á ní háídrójìn fúyẹ́, òkè ló ń gbà lọ. Ó dìgbà tó bá móoru. Oru tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára olómi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀. Ilẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ, á sì wọ gọ́tà àti kòtò wáyà. Ẹ fi ẹ̀rọ ìṣọ́ sísàlẹ̀ náà, kó má jẹ́ abẹ́ òrùlé nìkan.

Oníwẹ́dà
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti páìpù kún un. Tí òtútù olómi bá mú páìpù stainless tó gùn ní mítà 1, á sún kì ní nǹkan bíi mílímítà 3. Ibi ìsopọ̀ tí kò jò rárá nígbà tí a fi hélíọ̀mù dán an wò á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, torí bóòtù ti dẹ̀. Ẹ jó o pọ̀ níbi tó bá ṣeé ṣe. Tó bá jẹ́ fúláńjì (ẹnu páìpù méjì tí a fi bóòtù so pọ̀), ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn tó bá tutù, ṣùgbọ́n ẹ má fún bóòtù kankan nígbà tí gáàsì ṣì ń tì í láti inú.

Láàárín fáàfù méjì tí èèyàn lè tì pa pọ̀, fáàfù ìtura (èyí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ tí gáàsì inú bá ń tì jù) gbọ́dọ̀ wà. Olómi tó bá há síbẹ̀ máa ń fẹ́ tó ìlọ́po 850 tó bá di gáàsì. Kò sí páìpù tó lè dá a dúró.

Níbi tí páìpù bá wà ní ìhòòhò, tàbí tí òfìfo (àyè tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde) tó wà láàárín páìpù onípele méjì bá ti bàjẹ́, ẹ máa rí nǹkan tó ń kán tótó. Kì í ṣe omi o! Afẹ́fẹ́ tó ti di olómi ni, ọ́ksíjìn inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti èyí tí à ń mí. Tó bá kán sórí ọ̀dà títì, tí nǹkan sì lù ú, ó lè bú gbàù. Kọnkéré tí kò ní gíríìsì ni kó wà níbẹ̀.

Aṣọ́gáàsì
Òótọ́ ni. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí náítrójìn ṣẹ́ kù sínú páìpù lẹ́yìn tí ẹ bá fi lé afẹ́fẹ́ jáde: ní -210°C ó ti dì, á dí fáàfù. Hélíọ̀mù tàbí háídrójìn tí kò tutù ni kí ẹ fi lé e jáde kí olómi tó wọlé.

Panápaná
Lọ́sàn-án, ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí iná háídrójìn, ooru rẹ̀ kì í sì í tètè ta èèyàn lára. Kámẹ́rà ooru ni kí ẹ lò. Tí kò bá sí, ẹ na ìgbálẹ̀ gígùn síwájú bí ẹ ti ń lọ, òun ló máa kọ́kọ́ gbiná. Ẹ tẹ bọ́tìnì pàjáwìrì, ẹ kó èèyàn kúrò, ẹ gba ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ẹ má pa iná náà kí ẹ tó ti orísun rẹ̀, torí gáàsì á kó jọ, á wá bú. Omi wà fún títu táńkì tó wà nítòsí lára. Kò gbọdọ̀ kan ẹnu páìpù ìtújáde: á di yìnyín, á dí ẹnu rẹ̀, táńkì ò sì ní rí ibi mí mọ́.