Ìbọn wo lẹ gbé lọ Namíbíà àti Gúúsù Áfíríkà? Ẹ sọ tiyín

Adé Houston: Ẹ̀yin ọdẹ, mo kí yín o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń lọ Namíbíà lọ́dún tó ń bọ̀, kudu àti gemsbok, àwọn ẹtu ńlá oníwo gígùn ibẹ̀, la fẹ́ pa, bóyá ká fi ìmàdò kan sí i. Ìbọn .308 tí mo fi ń pa àgbọ̀nrín ní Texas ni mo ní. Àwọn kan ní kò tó, àfi .300 Win Mag tó lágbára jù ú lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, kí lẹ lò?

Baba Ìmàdò: 30-06. Ó tó.

Ọmọ Ìkirè: .308 tó jàre, ọta tó o máa kì sí i ni kó o wò. Má gbé ọta pọ́ọ́kú tó máa ń fọ́ tó bá ti kan eegun, Nosler Partition tàbí Barnes TSX ni kó o rà, èyí tó wúwo tó 165 tàbí 180 grain. Ọ̀gbẹ́ni kan tá a jọ wà ní camp yìnbọn fún gemsbok lẹ́yìn èjìká bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àgbọ̀nrín, ẹran gbọ̀n jìgìjìgì ó sì sá lọ, wọ́n tọpasẹ̀ ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò rí i. Ọkàn àwọn ẹran ibẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sún mọ́ iwájú, tọ ẹsẹ̀ iwájú gòkè kó o yìn ín sí èjìká gan-an. Ọ̀gbẹ́ni yẹn sì sanwó ẹran náà pé o!

Adé Houston: Ẹran tí kò rí??

Ọmọ Ìkirè: Ẹ̀jẹ̀ ti kán sílẹ̀ nìyẹn, o gbọ́dọ̀ sanwó. O rí i o, o ò rí i o, tìẹ ni.

Ìyá Ọdẹ Peckham: Háà! Bàbá mi l'Ókè-Ògùn ò ní gbà láéláé. Ṣé ọdẹ nìyẹn àbí ọjà?

Baba Ìmàdò: Ọjà ni.

Kọ́lá Ṣakabùlà: Ìtàn yẹn ò wọ̀ mí létí. Àwọn tó ń tọpasẹ̀ níbẹ̀ yẹn, orí òkúta gbígbẹ ni mo ti rí wọn tí wọ́n tọ kudu. Ọta yẹn ò bà á dáadáa ni.

Ọmọ Ìkirè: Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ? 😂

Kọ́lá Ṣakabùlà: Èmi ò gbé ìbọn dání mọ́ o, mo máa ń yá ti àwọn tó ń mú wa ṣọdẹ níbẹ̀ ni. Wàhálà ìwé ti pọ̀ jù, form 4457 tó máa fi hàn pé ìwọ lo gbé ìbọn náà jáde, kó o tó kúrò l'Amẹ́ríkà, tó bá jẹ́ Gúúsù Áfíríkà SAPS 520, fọ́ọ̀mù ìbọn àwọn ọlọ́pàá wọn, tún wà, má sì fọwọ́ sí i àfi níwájú ọlọ́pàá, ọta ò gbọdọ̀ ju 200 lọ fún ìbọn kan. Namíbíà rọrùn díẹ̀, ní pápákọ̀ òfurufú Windhoek ni wọ́n ti ń fún èèyàn níwèé.

Ìyá Ọdẹ Peckham: Ìbọn àyálò! Ìbọn tí o ò mọ ìwà ẹ̀, o fẹ́ fi yin ẹran tí wọ́n á gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ tó bá sá lọ?

Kọ́lá Ṣakabùlà: Mà, èèyàn máa kọ́kọ́ yìn ín sí pátákó ná. Orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé ìbọn lé ni iṣẹ́ wà, òòró lo máa wà tó o fi máa yìnbọn torí koríko. Adé, lọ fi ìyẹn kọ́ra, ìjà .308 àti .300 ò kan ẹran.

Adé Houston: Ẹran ńkọ́, ṣé a lè gbé e bọ̀?

Baba Ìmàdò: Amẹ́ríkà ò gbà. Ìwo àti awọ nìkan.

Ìyá Ọdẹ Peckham: Ẹ pa á, ẹ ò jẹ ẹ́?!

Ọmọ Ìkirè: Ibẹ̀ la ti jẹ ẹ́ mà. Gemsbok dùn, àmọ́ wọn ò mọ ata. Èmi ti gbé ata gígún dání.

Kọ́lá Ṣakabùlà: Ata gígún tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo jẹ ẹ́, o ò fún ẹnikẹ́ni ní camp. Mo wà níbẹ̀ o.