Ọ̀nà àyípo ẹ̀yìn Abẹ́òkúta: ta ni yóò gbà á, ta ni yóò ṣì há sí Lafẹ́nwá?

ỌmọÌjẹmọ
Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí. Àbá kan rèé tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò: ká la ọ̀nà láti Òsíẹ̀lẹ̀, kó gba ẹ̀yìn ìlú já sí títì Kóbápẹ́, kó tún ti ibẹ̀ lọ bọ́ sí títì Èkó ní Ọbàdà-Oko. Ẹni tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ tó ń lọ Èkó ò ní wọ àárín ìlú mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa títì, ọkọ̀ àti ilẹ̀, ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ má wulẹ̀ bú gómìnà, ìyẹn ò la ọ̀nà.

TàìwòAṣẹ́rò
Ó ti pẹ́ jù.

Onírólà
Kẹ́ ẹ tó dárúkọ ọ̀dà, ẹ ka ọkọ̀ ná. Ẹ fi èèyàn sí ẹnubodè mẹ́rin: Òsíẹ̀lẹ̀, Kóbápẹ́, Ìta-Ọ̀ṣìn, àti Rounder tó lọ sọ́nà Ayétòrò. Kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti àsìkò tó kọjá, láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di mẹ́jọ alẹ́. Nọ́ńbà tó wọlé ní Òsíẹ̀lẹ̀ tó sì jáde ní Ìta-Ọ̀ṣìn láàárín wákàtí kan ààbọ̀, ẹni tó ń kọjá lọ nìyẹn. Èyí tó wọlé tí kò tètè jáde, ìlú ló bá wá, ọ̀nà àyípo ò kàn án. Ẹ kà á lọ́jọ́ ọjà Lafẹ́nwá, ẹ kà á lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ẹ má sì kà á nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wa) bá wà nílé. Kí wọ́n kọ tírélà àti típà sí ojú ewé tiwọn. Bí ẹ ò bá ṣe èyí, àfọ̀ṣẹ lẹ ń sọ.

Ìyálọ́jàÌtòkú
Ẹ̀gbọ́n Onírólà, ẹni tó ń lọ Èkó tó wá dúró jẹ láfún ní Pánṣẹ́kẹ́ fún wákàtí méjì ńkọ́?

Onírólà
Ìlú ló bá wá, mà. Láfún náà ìlú ni.

TàìwòAṣẹ́rò
Ta ló ń jẹ láfún fún wákàtí méjì? Ẹ jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n ti ń bù tó bẹ́ẹ̀.

TípàÒdèdá
Ẹ fi láfún sílẹ̀. Àwọn tí ọ̀nà yìí máa ṣe lóore jù ni àwọn tó ń gbé òkúta. Ibi ìfọ́kùúta pọ̀ ní agbègbè Òdèdá, Èkó ni púpọ̀ nínú òkúta náà ń lọ, àárín ìlú sì ni típà ń gbà. Tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń ti Ewékorò lọ Ìbàdàn náà ń bọ̀ láti apá kejì. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe fún títì: bí ẹrù orí áàsù kan (irin tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì) bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe sí ọ̀nà ń di bí ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Kì í ṣe Micra, takisí kékeré yẹn, ló ń fọ́ títì. Típà kan tó kún ré kọjá ààlà á ba ọ̀nà jẹ́ ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún Micra lọ. Tí a bá ní ọ̀nà àyípo láìsí òṣùwọ̀n ọkọ̀ ní ẹnu rẹ̀, ìbàjẹ́ náà la kàn gbé kúrò ní Ọbáńtòkó lọ sí igbó.

AjélẹỌbáńtòkó
Ẹ gbé e lọ sígbó o jàre. Èmi fara mọ́ ọn.

Gbénró
Ẹ ti gbàgbé odò. Ẹni tó wà ní Kóbápẹ́ tó fẹ́ dé Ọbàdà-Oko gbọ́dọ̀ sọdá Odò Ògùn, kò sí ọgbọ́n mìíràn. Owó afárá yẹn nìkan lè ju owó ìdajì títì tó kù lọ. Kì í sì í ṣe omi odò lásán lẹ ń bá jà. Ìdídò (dáàmù) Òyán tí wọ́n ṣí ní 1983 wà lókè wa, odò Òyán sì ń dà sínú Ògùn kó tó dé Abẹ́òkúta. Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn omi lásìkò òjò, àbàtà tó wà lẹ́bàá odò ló ń kọ́kọ́ rì. Bí kọngílá bá wá kó iyẹ̀pẹ̀ dí àbàtà yẹn kó lè gbé títì sókè, tó sì fi ihò kan ṣoṣo sílẹ̀ lábẹ́ afárá, ìdídò kejì ló kọ́ yẹn. Omi á padà sẹ́yìn wọ ilé àwọn tó wà lókè. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n fi kọ́lífáàtì sí oríṣiríṣi ibi lára òkìtì náà, kí omi rí ibi gbà, kí wọ́n sì ka omi tó ga jù tí ibẹ̀ ti rí, kì í ṣe èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọjọ́ tí wọ́n lọ wọ̀n ọ́n.

Bọ̀ọ̀dáReluwé
Ojú irin náà ńkọ́? Ojú irin àtijọ́ ń gba Lafẹ́nwá, tuntun ń gba Láderin. Ibi yòówù tí ọ̀nà yìí bá ti pàdé èyí tuntun, òkè tàbí ìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà, kì í ṣe kó gba orí irin kọjá pẹrẹsẹ kí wọ́n wá fi ọ̀pá dí i.

Sọ́fíyọ̀Àgbà
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ra ilẹ̀ sọ́nà Kóbápẹ́ nítorí ariwo yìí, ẹ rọra. Lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbo ìlú, wọn kì í san iye tẹ́ ẹ fi ra ilẹ̀ òfìfo. Owó ilé ni wọ́n ń san (iye tí wọ́n máa fi kọ́ irú rẹ̀, kí wọ́n yọ ti ogbó kúrò), owó ohun ọ̀gbìn, àti owó ilẹ̀ ọdún yẹn tẹ́ ẹ bá ti san fún ìjọba. Ẹni tó ra púlọ́ọ̀tì mẹ́rin tó kàn fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, owó búlọ́ọ̀kù ló máa gbà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó: ẹ gba àwòrán ilẹ̀ tí sọ́fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ fọwọ́ sí, ẹ wo nọ́ńbà tó wà ní igun kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì sọ́fíyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ kí wọ́n fi lé orí máàpù. Ibẹ̀ lẹ máa ti mọ̀ bóyá ìjọba ti fọwọ́ lé e. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ ò lè sọ ìyẹn fún yín. Àgbẹ̀ tó bá ní kòkó tàbí ọ̀pẹ lórí ilẹ̀, ẹ dúró ti òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà tó bá ń kà á, igi kọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò, ẹ má fọwọ́ síwèé tí iye igi inú rẹ̀ bá dín.

Kẹ̀kẹ́LaMáaGùn
Sọ́fíyọ̀ ti ba ọjà ẹnìkan jẹ́ báyìí 😂

ỌmọÌjẹmọ
Ẹ ṣeun, sà. Ṣé ìbú tí wọ́n máa gbà kò ju títì náà lọ?

Sọ́fíyọ̀Àgbà
Ó jù ú lọ dáadáa. Fún títì ìjọba àpapọ̀, mítà márùndínláàádọ́ta àti díẹ̀ ni wọ́n ń kà láti àárín títì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń wo ibi tí ọ̀dà parí sí ló ń ṣì í wò.

Ìyálọ́jàÌtòkú
Gbogbo èyí dára, àmọ́ ẹni tó gbé adìrẹ lórí tó ń ti Ìtòkú lọ sí Aṣẹ́rò, kí ni ọ̀nà àyípo ṣe fún un? Ìjọba Amósùn kọ́ bírìjì Ìtòkú, wọ́n kọ́ ti Ìbarà, wọ́n kọ́ ti Sápọ́n. Ọkọ̀ ń sáré lókè, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró kó èrò. Ibẹ̀ la ṣì há sí.

Bọ́ọ̀sìŃlá
Ìyá wa, ẹ bá wọn wí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ń kó èrò mẹ́rin. Ọgọ́ta èrò, kẹ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí kọ̀ọ̀kan bá gba mítà márùn-ún pẹ̀lú àyè tó wà níwájú rẹ̀, mítà márùndínlọ́gọ́rin nìyẹn. Bọ́ọ̀sì gígùn kan tó jẹ́ mítà méjìlá ń kó ọgọ́ta èrò náà, àwọn kan jókòó, àwọn kan dúró, kò sì ní gbà ju bíi mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ojú títì kan náà ni o.

Kẹ̀kẹ́LaMáaGùn
Bọ́ọ̀sì mítà méjìlá wo ló máa wọ Ìjẹmọ? Ṣé ó máa gun òkè Aké, kó wá yí padà níbo? Ẹ máa bá àpáta jà.

Bọ́ọ̀sìŃlá
Ta ló ní kó wọ Ìjẹmọ? Títì ńlá ni tirẹ̀: Òsíẹ̀lẹ̀, Camp, Ọbáńtòkó, Aṣẹ́rò, Kútọ̀, Pánṣẹ́kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ni kó máa kó èrò láti inú àdúgbò wá pàdé rẹ̀. Onímárúwá á tún pa owó jù, torí ìrìn kúkúrú ló ń lọ, epo tó ń jó nínú gósíló á dín kù.

Ohun tó ń pa bọ́ọ̀sì ìjọba ni pé wọ́n ń dúró kó kún. Bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gbéra bí àsìkò bá tó, ì báà jẹ́ èèyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní àlọ gba wákàtí kan, àbọ̀ gba wákàtí kan, ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lápá kọ̀ọ̀kan: ogóje ìṣẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọ̀kan máa kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, bọ́ọ̀sì mẹ́rìnlá lẹ nílò lójú títì, kí méjì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ìjọba tó bá ra mẹ́fà tó sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, fọ́tò ló rà.

TàìwòAṣẹ́rò
"Fọ́tò ló rà." Ẹ ti pa mí.

Gbénró
Ibi ìdúró náà ṣe pàtàkì. Kí wọ́n gé e wọ ẹ̀gbẹ́ títì ní mítà mẹ́ta ní ìbú, kí bọ́ọ̀sì lè kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, kó sì wà lẹ́yìn ìkóríta, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. Tó bá wà ṣáájú, bọ́ọ̀sì á dí ẹni tó fẹ́ yà, iná á di àwọ̀ ewé, kò sẹ́ni tó máa lè lọ. Gọ́tà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdérí. Tí kò bá ní, ojú títì ni èrò máa dúró sí, onímọ́tò á sì tẹ̀ lé wọn síbẹ̀.

AjélẹỌbáńtòkó
Agbèrò ńkọ́? Ẹ ò sọ ti agbèrò. Bọ́ọ̀sì yín á dé Aṣẹ́rò, wọ́n á ní kó san owó gáréèjì.

Bọ́ọ̀sìŃlá
Kí owó ẹgbẹ́ wọ inú àdéhùn látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, sí àpò kan. Ẹgbẹ́ tí ò bá rí tirẹ̀ nínú rẹ̀ á gé táyà.

TípàÒdèdá
Ṣé bọ́ọ̀sì gáàsì lẹ ń sọ? Ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa sìlíńdà. Gáàsì CNG (gáàsì ọkọ̀ tí wọ́n fún mọ́ra) máa ń ní agbára ìtẹ̀ bíi 200 bar nínú rẹ̀, kò jọ ti ìdáná rárá. Ó ní àsìkò tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún sìlíńdà yẹ̀ wò, ọjọ́ rẹ̀ sì ń wà lára irin. Ẹni tó lọ jó ìjókòó sìlíńdà pọ̀ lọ́dọ̀ wẹ́dà ojú ọ̀nà ń wá wàhálà. Sìlíńdà lítà 65 á gba bíi mítà oníhà mẹ́ta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí kò jìnnà sí lítà epo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ṣírò ibi tẹ́ ẹ máa lọ dé kẹ́ ẹ tó padà lọ tò fún gáàsì.

Bọ̀ọ̀dáReluwé
Kí bọ́ọ̀sì kan máa pàdé ọkọ̀ ojú irin ní Láderin pẹ̀lú. Ọ̀nà irin Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 157, 10 oṣù Kẹfà 2021 ni wọ́n ṣí i. Ibùdó wa wà lẹ́yìn ìlú. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láìsí ọkọ̀ tó ń dúró dè é á sanwó takisí kan sórí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀sì tó máa pàdé rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí reluwé bá dé ni kó gbéra. Tí reluwé bá pẹ́, kó dúró.

AjélẹỌbáńtòkó
Bọ́ọ̀sìŃlá ní kó gbéra tásìkò bá tó, ẹ̀yin ní kó dúró. Ẹ lọ bára yín sọ ọ́.

Bọ̀ọ̀dáReluwé
Ti Láderin nìkan ló ń dúró. Ìyẹn ò le.

Onírólà
Ẹ padà sórí títì díẹ̀. Kódà tí owó bá wà, ọ̀nà àyípo kì í pẹ́ di àárín ìlú. Ẹnìkan á kọ́ ilé epo, ṣọ́ọ̀ṣì á tẹ̀ lé e, mọ́ṣáláṣí, ọjà alẹ́, lẹ́yìn náà àwọn ará àdúgbò á da sìmẹ́ǹtì sójú ọ̀nà kí ọkọ̀ má baà pa ọmọ wọn. Ó parí. Ohun tó ń dènà rẹ̀: kí ẹnu ọ̀nà tó wọ inú rẹ̀ má sún mọ́ra ju kìlómítà méjì sí mẹ́ta lọ, kí ọ̀nà kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó kọ́lé, kí ọ́fíìsì ètò ìlú má sì fún ẹnikẹ́ni níwèé láti já ilé epo sójú títì gan-an. Kí wọ́n kọ èyí sínú àdéhùn kí katapílà tó wọ igbó.

Ìpìlẹ̀ náà: ilẹ̀ pupa, mílímítà 150 lẹ́ẹ̀kan, omi, rólà, kẹ́ ẹ tó da ìkejì. Kọngílá tó bá da 300 pa pọ̀, òkè nìkan ni rólà rẹ̀ ń tẹ̀. CBR (ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe lágbára tó láti gbé ẹrù) ìpele ìsàlẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní 30%, ti ìpele òkè 80%. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò rẹ̀. Òkúta ò jìnnà, Òdèdá wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ má gbà kí wọ́n sọ pé òkúta ló wọ́n.

Kẹ̀kẹ́LaMáaGùn
Sìmẹ́ǹtì ojú ọ̀nà tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, àwọn tó wà ládùúgbò wa ga tó orókún. Báwo ló ṣe yẹ kó rí?

Onírólà
Mílímítà 75 sí 100 ní gíga, kó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta ààbọ̀ dé mẹ́rin, kó rọra gòkè rọra sọ̀. Kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún, kí pátákó ìkìlọ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Kó má dí gọ́tà.

Ìyálọ́jàÌtòkú
Tiwa ò ní ọ̀dà, ó ní ihò kan láàárín tí àwọn ọlọ́kadà ń gbà.