Àṣìṣe tó ń sá pamọ́ tí mo bá ti ń wá a

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀. Kóòdù kan tí mo fi Python, èdè kọ̀ǹpútà, kọ ló ń dà mí láàmú, thread méjì (ìyẹn apá kóòdù méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà) ló jọ ń fi kún iye kan ṣoṣo, nígbà míì iye yẹn á pé, nígbà míì á dín, bẹ́ẹ̀ error kankan ò yọ. Tí mo bá fi print (àṣẹ tó ń gbé iye jáde kí n lè rí i) síbẹ̀ báyìí, wàhálà náà á pòórá! Mo ti ka log (àkọsílẹ̀ ohun tí kóòdù náà ṣe) tán, mo wá gé kóòdù yẹn láti ìlà 600 sí 20, torí ta ló fẹ́ jókòó ka 600, àmọ́ ìlà 20 tó ṣẹ́kù yẹn ò ṣàṣìṣe rárá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n gbé síbí kẹ́ ẹ lè bá mi rídìí ẹ̀? Ẹ ṣé gan-an ni o.