Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀jẹ̀ funfun bàbá mi lọ sókè lẹ́yìn heart attack, ṣé kí n fún wọn ní antibiotics?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá mi, ẹni ọdún 63, ni heart attack kọ lù ní Sátidé tó kọjá n'Ibàdàn, àyà wọn ń dùn wọ́n bíi pé wọ́n gbé odó lé e, òógùn bò wọ́n, àwa rò pé inú kíkún ni, a ṣì ń wá omi gbígbóná kiri kí ẹ̀gbọ́n mi tó pariwo pé ká gbé wọn sínú mọ́tò. Ọlọ́run ṣe é, a tètè dé ọsibítù, wọ́n fi stent (irin kékeré tó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀) sí wọn, àná ni wọ́n dá wọn sílẹ̀.

Ìwé láàbù ni mò ń wò láti àná. WBC wọn, ìyẹn iye ẹ̀jẹ̀ funfun, 14.2, wọ́n fa ìlà pupa sábẹ́ ẹ̀. Wọn ò níbà, wọn ò wúkọ́. Kẹ́mísìt àdúgbò wa ní kòkòrò ló wà lára wọn, ó ti kó antibiotics fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi tún ní aspirin àti clopidogrel, oògùn tí wọ́n fún wọn kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì, ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yọ tí wọ́n bá fọ eyín, pé ká dá a dúró. Dókítà ní platelet (ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ tíntìntín tó máa ń dí ojú egbò) àti sójà ara, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ funfun, ló jọ mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó ń kánjú, kò yé mi. Sójà tó yẹ kó gbà wá, báwo ló ṣe ń bá wọn pa wá?

Ọmọ Láàbù: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Olúwa á wo Bàbá sàn. Ọ̀rá tó ti lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ látọdún mọ́dún ló ya, platelet wá sáré lọ lẹ̀ mọ́ ojú egbò yẹn bó ṣe máa ń ṣe tí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, kò mọ̀ pé inú iṣan tóóró tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn lòun wà. Tó bá ti ta jí, ó máa yọ nǹkan kan síta lára ẹ̀ bí ìkọ́, P-selectin ni wọ́n ń pè é, òun ló fi ń fa neutrophil mọ́ra, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ funfun tó máa ń kọ́kọ́ dójú ogun. Neutrophil náà á wá tú okùn DNA inú ara ẹ̀ jáde bí àwọ̀n apẹja (2004 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé èyí, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu). Kòkòrò ló yẹ kó fi mú, àmọ́ platelet àti ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń há síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó dì á wá le sí i. Ọ̀kan ń pe èkejì ni ṣáá. Ẹran ọkàn tó kú torí pé ẹ̀jẹ̀ ò ráyè dé ibẹ̀ náà tún ń fẹ́ ẹni tó máa palẹ̀ ẹ̀ mọ́, torí ẹ̀ ni WBC fi ń lọ sókè láìsí kòkòrò kankan. Ẹ ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò tẹ́ ẹ bá padà lọ.

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ìbejì: Ẹ má fún wọn ní antibiotics yẹn o! Ẹ má sì dá oògùn wọ̀nyẹn dúró, mo bẹ̀ yín. Tí aspirin bá ti kan platelet kan, ó ti pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn títí tó fi máa kú, ọjọ́ 7 sí 10 ni platelet sì ń lò láyé, tuntun ń wọlé lójoojúmọ́, ìdí tí wọ́n fi ń lò ó lójoojúmọ́ nìyẹn. Àjèjì irin ni stent, tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú ẹ̀. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kẹ́ ẹ sì pe dókítà sọ fún un. Àmọ́ tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà tàbí wọ́n bì ẹ̀jẹ̀, ọsibítù lẹsẹ̀kẹsẹ̀. Ṣé wọn ò máa lo ibuprofen fún orúnkún ṣá? Ó máa ń dí aspirin lọ́wọ́.

Bàbá Tòkunbọ̀: Mo gbọ́ pé colchicine, oògùn gout, ń pẹ̀tù sí àwọn sójà yẹn?

Ọmọ Láàbù: Wọ́n dán an wò lára àwọn tó lé ní 4,700 lọ́dún 2019, ó ṣe dáadáa, àmọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ tó jáde ní 2024 ò rí àǹfààní kankan. Ẹ má fọwọ́ ara yín rà á.

Ẹ ṣeun gan-an, omijé ń bọ́ lójú mi. Mo ti dá antibiotics padà, Bàbá sì ti lo oògùn ọkàn wọn ti alẹ́ yìí lójú mi. Ìbéèrè kan ló kù: agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n máa ń mu láràárọ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ìbejì: Ẹ gbé ìgò yẹn kúrò níwájú wọn lálẹ́ yìí, ẹ gbé e dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, a ò mọ nǹkan tí wọ́n rẹ sínú ẹ̀.